Fíìmù kan dùn mọ́ mi: báwo ni mo ṣe máa rí òmíràn tó máa dùn bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Mo wo 12 Angry Men, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1957, ó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún un wò lọ́jọ́ kejì. Mo wá èyí tó jọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù ilé-ẹjọ́ ni gbogbo ibi tí mo yà sí ń tò fún mi. Mo ti wo Witness for the Prosecution, To Kill a Mockingbird àti A Few Good Men. Wọn kò burú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe mí bí ti àkọ́kọ́. Kí ni mo ń ṣì ṣe, báwo sì ni ènìyàn ṣe ń fi fíìmù tó gbádùn wá òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kókó ọ̀rọ̀ inú fíìmù tí ẹ wò ni wọ́n fi wá òmíràn fún yín, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ohun tó dùn mọ́ yín gan-an má sí nínú kókó ọ̀rọ̀ náà rárá. Gbogbo ènìyàn ló máa ń gba ọ̀nà yìí, nítorí pé kókó ọ̀rọ̀ ló rọrùn jù lọ láti pè ní orúkọ: fíìmù ilé-ẹjọ́, fíìmù ogun, fíìmù ìfẹ́, fíìmù olè. Ìgbádùn kò ní orúkọ tó rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ń wá a ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè díẹ̀ kó tó bi ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi fíìmù tiyín ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ó fi ọ̀bẹ gún bàbá rẹ̀ pa, àwọn ọkùnrin méjìlá tí ilé-ẹjọ́ yàn láàárín ará ìlú láti dá ẹjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè dá a lẹ́bi tàbí kí wọ́n dá a sílẹ̀. Inú ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ kàn sọ gbólóhùn díẹ̀ ni, wọ́n ti àwọn méjìlá náà mọ́ inú yàrá kan, a kò sì padà síwájú adájọ́ mọ́. A kò gbọ́ ohùn agbẹjọ́rò kankan. A kò rí ẹlẹ́rìí tó dúró láti jẹ́rìí. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ìpànìyàn náà, ẹnu àwọn tó ń jiyàn lé e lórí ni a ti gbọ́ ọ. Ẹ wá fi èyí wé Witness for the Prosecution, tí òun náà jáde ní 1957, níbi tí agbẹjọ́rò ti jẹ́ akọni, tí ìbéèrè àti ìdáhùn níwájú adájọ́ ti jẹ́ ìpìlẹ̀ eré, tí àṣírí sì tú ní ìkẹyìn lọ́nà tí a kò retí. Nínú èyí, àṣírí ni à ń dúró dè. Nínú tiyín, bí ọkàn ènìyàn ṣe ń yí padà ni à ń wò, àti pé títí fíìmù náà fi parí, kò sí ẹni tó sọ fún wa bóyá ọmọ náà ló pa bàbá rẹ̀ tàbí òun kọ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń to fíìmù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń wò wọ́n kò pa pọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọdún 1964. Fíìmù méjì jáde lọ́dún náà lórí ohun kan náà: ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà gbéra láti lọ ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì láìjẹ́ pé Ààrẹ ló pàṣẹ rẹ̀, apá àwọn aláṣẹ kò sì ká a láti pe gbogbo wọn padà. Stanley Kubrick darí Dr. Strangelove, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀, débi pé àwọn olórí tó yẹ kí wọ́n gba ayé là ń ṣe bí ọmọdé. Sidney Lumet darí Fail Safe, kò sí ẹ̀rín kan nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ sí orin kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀, ìpayà ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ló sì fi parí. Ẹni tó bá fi kókó ọ̀rọ̀ wá fíìmù yóò sọ pé ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó wo Dr. Strangelove nítorí ẹ̀rín, tí wọ́n wá ní kó lọ wo Fail Safe, yóò rò pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ òun ni. Lumet yìí náà ló darí 12 Angry Men, a ó sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún wá ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí adùn náà wà. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ènìyàn ni pé: ìgbà wo gan-an ni fíìmù náà mú ọ? Mi ò béèrè ìdí tó fi dára, nítorí ìdáhùn sí ìyẹn máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé: ìtàn rẹ̀ dùn, àwọn òṣèré mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí ẹ gbàgbé fóònù yín ni mò ń béèrè. (Ẹni tí kò bá tíì wo 12 Angry Men lè fo ìpínrọ̀ tó kàn.)

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkùnrin tí Henry Fonda ṣe yọ ọ̀bẹ kejì, tó rí bákan náà pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀, tó sì gún un mọ́ orí tábìlì, a jẹ́ pé ẹ̀rí tó ń wó lulẹ̀ ló dùn mọ́ yín, iyèméjì tó ń yọ́ wọlé síbi tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ọ̀rọ̀ ti dájú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkùnrin tí Lee J. Cobb ṣe fa fọ́tò ọmọ rẹ̀ ya tó sì bú sẹ́kún, ọ̀ràn ẹjọ́ kọ́ ni ẹ bá lọ níbẹ̀, ènìyàn kan tó ń fi ọgbẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́ ẹlòmíràn ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí ìgbà kan pàtó, tó jẹ́ ooru yàrá náà, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, òógùn lára ṣẹ́ẹ̀tì, àti bí ìbò ṣe ń sún láti mọ́kànlá sí ọ̀kan títí ó fi di mẹ́fà sí mẹ́fà tó sì kọjá bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé eré náà kalẹ̀ ni ìgbádùn yín wà: ibì kan ṣoṣo, àkókò tí kò fò, àwọn ènìyàn tí wọn kò lè sá fún ara wọn. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í já sí fíìmù kan náà.

Ìdánwò kejì ni kí ẹ yọ nǹkan kan kúrò nínú fíìmù náà ní ọkàn yín, kí ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì dùn. Ká ní àwọn méjìlá náà kì í ṣe ti ilé-ẹjọ́, tó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ tó fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n lé ọmọ ilé-ìwé kan ni wọ́n, ṣé ẹ ṣì máa wò ó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbàgbé òfin, kò sí níbẹ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀ lálaalẹ́, kí àríyànjiyàn náà gba ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Bí ẹ bá rí i pé adùn rẹ̀ ti lọ, ẹ ti fọwọ́ ba ohun tí ẹ ń wá.

Ó kù síbì kan, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn kì í wò: fíìmù tí kò tẹ́ yín lọ́rùn máa ń sọ ju èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn lọ. Ẹ ti wo mẹ́ta, ẹ ní wọn kò burú ṣùgbọ́n wọn kò tó. Kí ni wọ́n fi jọra? Agbẹjọ́rò olóhùn iyọ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè àti ìdáhùn níwájú adájọ́ ló gbé wọn ró, fíìmù náà sì ń jáde kúrò nínú yàrá nígbàkigbà tó bá wù ú. Gbogbo èyí ni kò sí nínú 12 Angry Men. Láti ara ìbéèrè yín nìkan, èmi yóò sọ pé ibi tó há náà àti ọgbọ́n ìyínilọ́kànpadà ló mú yín, pé òfin kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni. Mo lè ṣì í, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kọ sí ìsàlẹ̀ yìí yóò jẹ́ kí ẹ fi fíìmù méjì tàbí mẹ́ta péré mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó dùn, ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan kọ ọ́, ẹnì kan darí rẹ̀, ẹnì kan ṣètò kámẹ́rà àti iná, ẹnì kan gé àwòrán tó sì tò wọ́n, kí a má tíì dárúkọ àwọn òṣèré. Òṣèré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀lé, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, èmi sì rò pé òun ló máa ń tan ènìyàn jù: òṣèré a máa gba iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un, ó lè wà nínú fíìmù dáadáa lónìí kó wà nínú jágbajàgba lọ́la. Olùdarí àti òǹkọ̀wé ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé.

Fún Lumet, 12 Angry Men ni fíìmù sinimá àkọ́kọ́ tó darí. Tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí àyè kì í ti í gba ni. Ó ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ ní 1995, Making Movies, bí òun ṣe mú kí yàrá náà máa kéré sí i lójú wa láìjẹ́ pé ògiri kankan yẹ̀. Nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ fíìmù náà, òkè ojú àwọn ènìyàn náà ni kámẹ́rà wà tó ń wò wọ́n nílẹ̀. Nínú ìdá kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀kánkán ojú wọn. Nínú ìdá kẹta, ó ti wà nísàlẹ̀, ó ń wòkè, débi pé àjà ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí wọn. Bákan náà ni ó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ sí àwọn tó gùn sí i, èyí tó máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn dà bíi pé ó sún mọ́ ọn, kí ògiri lè máa fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá jáde síta ní ìkẹyìn, ó lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù lọ, kí èémí lè padà sí àyà wa. Bí ẹ bá rántí pé ara ni yín nígbà tí ẹ ń wò ó, tí ara sì tù yín nígbà tí wọ́n jáde sí orí àtẹ̀gùn ilé-ẹjọ́, ètò ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Boris Kaufman ni ẹni tó bá a ṣètò kámẹ́rà náà. Òun náà ló ṣe ti On the Waterfront ní 1954, ó sì ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà L'Atalante, fíìmù Faransé ti ọdún 1934.

Ẹ tẹ̀lé Lumet, ẹ ó rí i pé inú ibi tó há ló ti máa ń dára jù. Nínú Fail Safe, Fonda náà tún wà níbẹ̀: òun ni Ààrẹ Amẹ́ríkà, ó wà nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀, òun àti ògbufọ̀ kan ṣoṣo, ó ń bá olórí Sófíẹ̀tì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ní láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mú kí ọkùnrin tí kò rí gba òun gbọ́. Ẹ kò rí i pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú 12 Angry Men náà ló tún padà dé yìí, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbi tí ewu ti pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ? Nínú Dog Day Afternoon, ti ọdún 1975, Al Pacino lọ ja báńkì kan lólè lọ́jọ́ tí oòrùn mú, àwọn ọlọ́pàá sì ká a mọ́bẹ̀. Inú báńkì náà àti iwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré ti ṣẹlẹ̀. Olè ni wọ́n máa kọ sí ẹ̀yà rẹ̀, a kì í sì í rí i lára ohun tí wọ́n ń tò fún ẹni tó wo 12 Angry Men. Lumet padà darí fíìmù ilé-ẹjọ́ ní 1982, The Verdict, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn agbẹjọ́rò kan tí ọtí ti bà jẹ́ ni, adùn rẹ̀ wà ní ojú Paul Newman. Mi ò ní fi ṣe àkọ́kọ́ fún yín.

Ọ̀nà òǹkọ̀wé náà wà. Reginald Rose ló kọ 12 Angry Men, tẹlifíṣọ̀n ló sì kọ́kọ́ kọ ọ́ fún, ní 1954. Ìtàn tí wọ́n bá kọ dáadáa báyìí, àwọn ènìyàn kì í fi í sílẹ̀. Basu Chatterjee ṣe é ní èdè Híńdì ní 1986, ó pè é ní Ek Ruka Hua Faisla. William Friedkin tún un ṣe fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1997, Jack Lemmon ló wà ní ipò Fonda, George C. Scott sì wà ní ipò Cobb. Nikita Mikhalkov ṣe tirẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní 2007, ó pè é ní 12. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ṣẹ́ṣíníà ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé ni wọ́n sì ti wọn mọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wù ú nínú fíìmù kan kò lè rí ẹ̀kọ́ tó dára ju pé kó wo ìtàn kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ohun tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣàárò nínú ẹ̀dà kejì ni ohun tó fẹ́ràn nínú tàkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣáájú. Bí ẹ bá wò wọ́n ní kíákíá, ìfiwéra nìkan ni ẹ ó máa ṣe, ẹ kò ní gbádùn wọn. Nígbàkigbà tí ẹ bá sì ń wá irú àwọn àtúnṣe yìí, ẹ máa kọ ọdún àti orúkọ olùdarí mọ́ orúkọ fíìmù, kí wọ́n má baà gbé ẹ̀dà mìíràn fún yín.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ lè fi olùdarí sílẹ̀ kí ẹ tẹ̀lé bí wọ́n ṣe gbé eré kalẹ̀, láìka ẹni tó ṣe é sí. Alfred Hitchcock fẹ́ràn irú àdánwò bẹ́ẹ̀: Lifeboat, ti 1944, kò kúrò nínú ọkọ̀ kékeré kan lórí òkun, Rope, ti 1948, ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan, níbi tí àwọn apànìyàn méjì ti gbé oúnjẹ àlejò sórí àpótí tí òkú wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà sì ń rìn lọ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gé e. Nínú Locke, tí Steven Knight ṣe ní 2013, Tom Hardy nìkan ni a rí: ó wà nínú ọkọ̀ lóru, ó ń fi fóònù bá àwọn tí ayé rẹ̀ so mọ́ sọ̀rọ̀, ìgbéyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀nà ṣe ń tán. Nínú Den skyldige, fíìmù ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tí Gustav Möller darí ní 2018, ọlọ́pàá kan jókòó sídìí fóònù pàjáwìrì, obìnrin kan sì pè é. Ohùn nìkan ni a fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta, ohun tí a sì rò pé a gbọ́ kò fi gbogbo ara jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iyèméjì ló dùn mọ́ yín nínú 12 Angry Men, èyí ni kí ẹ wò, lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wo A Separation, tí Asghar Farhadi ṣe ní Ìráànì ní 2011. Ìdílé méjì ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú aláṣẹ nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ẹjọ́ tiwọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ẹ bá gbè lẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ lè má jẹ́ òun ní ìparí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń tò fíìmù fún wa. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo fíìmù, àwọn tó wo fíìmù ni wọ́n ń wò: bí àwọn tó fẹ́ràn ohun tí ẹ fẹ́ràn bá tún fẹ́ràn nǹkan mìíràn, wọn á gbé e wá fún yín. Ìṣirò náà kì í ṣe kékeré. Ní 2006, Netflix kéde mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá lè mú ìṣirò tiwọn sàn sí i ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún 2009 ni wọ́n tó rí ẹgbẹ́ tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn náà. Nígbà ìdíje yìí, fíìmù ẹ̀fẹ̀ kan tí kò tóbi, Napoleon Dynamite, di wàhálà sí wọn lọ́rùn, nítorí àwọn ènìyàn a máa fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi tàbí kí wọ́n kórìíra rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n ti wò tó lè fi hàn dáadáa èyí tí ẹnì kan máa ṣe.

Fíìmù yín ní ìṣòro tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ti pẹ́ tí 12 Angry Men ti wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú àkójọ fíìmù 250 tí IMDb, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kó ìsọfúnni fíìmù jọ, ń ṣe láti ara ìbò àwọn ènìyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló wò ó kìkì nítorí pé ó wà nínú àkójọ náà, àwọn fíìmù yòókù inú àkójọ sì ni wọ́n tún wò tẹ̀lé e. Bí ẹ bá wá béèrè ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tún fẹ́ràn, fíìmù olókìkí ni ẹ ó máa rí, yálà ó jọ ọ́ tàbí kò jọ ọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fi fíìmù tí òkìkí rẹ̀ kéré béèrè dípò rẹ̀. Ẹni tó lọ wo Fail Safe tàbí Locke tó sì fún un ní máàkì gíga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá, àwọn yòókù tó fẹ́ràn yóò sì wúlò fún yín ju ti ọ̀kẹ́ àìmọye tó kàn ń ka àkójọ lọ. Ẹ tún rántí pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dárúkọ èyí tí kò ní lọ́wọ́, àti pé bí ẹlòmíràn bá ń lo àkáǹtì kan náà pẹ̀lú yín, ẹ̀rọ náà yóò pa yín pọ̀ mọ́ onítọ̀hún.

Máàkì lásán kì í ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí Rotten Tomatoes, ojúlé tó ń kó èrò àwọn alárìíwísí jọ, ń kọ sí ara fíìmù, iye àwọn alárìíwísí tó ní fíìmù náà dára ni, kì í ṣe bí ó ṣe dára tó. Fíìmù tí gbogbo ènìyàn kàn gbà pé ó ṣeé wò lè ní 95, èyí tí ìdajì fẹ́ràn dé góńgó tí ìdajì sì kórìíra á wà ní 50, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé èkejì yìí ni a ṣe fún yín. Ènìyàn ló dára jù láti tẹ̀lé. Lórí Letterboxd àti irú rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wo fíìmù ti ń kọ èrò wọn sílẹ̀, ẹ má wá ẹni tó fẹ́ràn 12 Angry Men, nítorí ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ wá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka A Few Good Men sí. Níbi tí ẹ̀yin àti onítọ̀hún bá ti jọ kọ nǹkan kan náà ni ẹ ti lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Alárìíwísí tí èrò rẹ̀ máa ń ta ko tiyín ní gbogbo ìgbà wúlò bákan náà, ó kàn jẹ́ pé òdìkejì ohun tó bá sọ ni ẹ máa ṣe.

Ní báyìí, bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, Fail Safe ni mo máa kọ́kọ́ wò, nítorí olùdarí kan náà ni, òṣèré kan náà ni, ìyínilọ́kànpadà ló sì gbé e ró. Bí ó bá mú yín, ọ̀rọ̀ mi tọ̀nà, ẹ máa bọ̀ wá sí Dog Day Afternoon àti Locke. Bí ó bá tutù jù fún yín, tí ẹ rí i pé àríyànjiyàn àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ ń ṣàárò rẹ̀, ẹ fi Lumet sílẹ̀ kí ẹ wá The Man from Earth, ti ọdún 2007: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan péjọ sí ilé ọ̀rẹ́ wọn tó fẹ́ kó lọ, ọ̀rẹ́ náà sì sọ fún wọn pé òun ti wà láyé fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ọdún, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ náà láti orí oríṣiríṣi ìmọ̀ tí olúkúlùkù ní. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe é, àwòrán rẹ̀ kò lẹ́wà rárá, ẹni tó bá wá ojú kámẹ́rà Kaufman níbẹ̀ yóò bínú. Ṣùgbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ sísọ, kò kẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iyèméjì ni, Den skyldige ni kí ẹ yà sí, kí ẹ sì rí i dájú pé ti Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n gbé fún yín, nítorí Amẹ́ríkà tún un ṣe ní 2021 pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ti Dẹ́ńmáàkì náà ń jẹ́ lókè òkun, The Guilty. Ẹ fi 12 ti Mikhalkov sí ìparí pátápátá, kí ẹ sì yan ọjọ́ tí àyè bá gbà yín láti wò ó, torí pé 12 Angry Men kò ju ìṣẹ́jú 96 lọ, tirẹ̀ sì jẹ́ 159.